Àmì Tí Mo Gé Sétí Ewúrẹ́

Ìyá mi kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ rẹ̀ jáde kúrò lágbàlá láìgé etí rẹ̀. Ní abúlé wa, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Àwọn kan ń gé ṣóńṣó etí, àwọn kan ń là á sí méjì, àwọn mìíràn ń dá a lu. Ti ìyá mi jẹ́ ojú gígé méjì ní etí òsì, ọ̀kan ní ṣóńṣó, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí eku bá gé àkàrà jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo máa ń di orí ẹran mú fún un. Yóò fi abẹ gé e, yóò bu eérú sí i, yóò ní, "Ó ti di tèmi báyìí. Ẹni tó bá jí i, etí yìí ló máa bá a rojọ́."

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo sì ń gbé ní Lugbe, lójú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú Àbújá. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mo kọ́. N kò kàwé débi tí ọ́fíìsì yóò fi máa pè mí ní dókítà, ṣùgbọ́n ní gbogbo abúlé tí mo ti gún ẹran lábẹ́rẹ́, Líkítà ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn Haúsá ṣe ń pe dókítà. Ìyàwó mi ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí mọ́, pé ó ti tó kí n gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o, nítorí náà mo máa sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní Àbújá nígbà náà tó ń fi ẹran ọ̀sìn ran àwọn abúlé tí ọ̀dá ń bá jà lọ́wọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ní ìpàdé ọmọ ìlú wa tí a ń ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, òun ni alága. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Yóò dọ̀bálẹ̀ kí mi níwájú gbogbo ènìyàn, yóò dìde, yóò gbọn eruku kúrò láṣọ, yóò sì rán mi níṣẹ́ tí ẹrú kò ní jẹ́. Inú ọgbà kan ní Lokogoma ló ń gbé. Haúsá rẹ̀ kò ju sànnu tí wọ́n fi ń kíni lọ, bí ó bá sì fi ìka kan ewúrẹ́, á wá omi fi ṣan ọwọ́.

Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ àgbàsìn wá fún un. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó ní ewúrẹ́ lè gbé e fún ẹni tí kò ní pé kó bá òun sìn ín, bí ó bá sì bímọ, wọn yóò pín ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò ní yóò ṣe di ẹni tó ní, láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn abúlé wọ̀nyí. Kí a fún obìnrin kan ní ewúrẹ́ méjì, kí ó fi abo tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí fún aládùúgbò rẹ̀, kí aládùúgbò náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Ọ̀gá mi gbọ́, ó mi orí. Lẹ́yìn oṣù kan, mo rí i nínú ìwé tó fi ń tọrọ ìrànlọ́wọ́, gẹ̀ẹ́sì ńlá ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ló sì wà nísàlẹ̀. Mo gbé ìyẹn mì. Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ bínú.

Abúlé àkọ́kọ́ wà ní Òkè Ọya lọ́hùn-ún. A máa ń kúrò ní Àbújá ní ìdájí kí a tó débẹ̀ ní ọ̀sán. Òjò ti di àlejò níbẹ̀. Yóò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ọkà bàbà yóò ga dé orúnkún, òjò yóò sì lọ, oòrùn yóò gbé e jẹ. Opó kan ló mú mi lọ wo kànga wọn. Okùn tí wọ́n fi ń fa omi ló fi hàn mí, kì í ṣe kànga gan-an. Okùn kan náà ni wọ́n ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ kànga náà. Bí omi bá ti ń sá wọ ìsàlẹ̀, wọn yóò so òmíràn mọ́ ọn. Ó ń ka kókó inú okùn náà lọ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, ó ń sọ ọdún tí wọ́n so kókó kọ̀ọ̀kan fún mi.

Ọmọ márùn-ún ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta wà nínú ọdún tí àká máa ń ṣófo ráúráú. Láàrin oṣù mẹ́ta yẹn, ẹni tó bá ní ewúrẹ́ yóò fún wàrà fún ọmọ, yóò sì ta akọ kan láti fi ra ọkà. Ewúrẹ́ kò dúró de òjò, ó ń jẹ èso igi ẹlẹ́gùn-ún tí màlúù kò tiẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ewúrẹ́ yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ sí ìlú ńlá. "Èmi ò fẹ́ lọ sí ìlú ńlá," ó wí. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wá nìyẹn.

Ìgbà tí a kó ẹran dé, ewúrẹ́ méjì ni mo fi okùn wọn lé e lọ́wọ́, pupa kan, dúdú kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ abẹ́ ikùn pupa náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti lóyún. Ó yíjú sí aládùúgbò rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Tìrẹ wà nínú ibí yìí." Lẹ́yìn náà ló bi mí pé báwo ni òun yóò ṣe mọ tòun, nítorí ẹran tó bọ́ láti inú mọ́tò kan náà jọra. Nọ́ńbà oníke kan wà lóòótọ́ tí ọ̀gá mi ní kí a so mọ́ wọn lọ́rùn. Obìnrin náà fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Èyí ṣeé tú." Mo mú abẹ jáde nínú àpò mi, mo sì gé àmì ìyá mi sí etí òsì wọn, ojú gígé méjì méjì. Mo fi Haúsá sọ fún un ohun tí ìyá mi máa ń sọ, pé ó ti di tìrẹ báyìí. Nínú gbogbo ẹran tí a kó wá lọ́jọ́ náà, méjì yẹn nìkan ni mo gé etí wọn, nítorí òun nìkan ló béèrè.

Wọ́n ya fọ́tò. Obìnrin kọ̀ọ̀kan mú okùn ewúrẹ́ tirẹ̀ dání, ọ̀gá mi dúró láàrin wọn pẹ̀lú fìlà tuntun. Bí wọ́n ti yà á tán ló pè mí sẹ́yìn mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ní a fẹ́ kó àwọn ẹran yìí lọ gún ní abẹ́rẹ́ ni. Wíìkì tó ń bọ̀ a ti kó wọn padà."

Mo ní, "Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ wo? Èmi ni mo ń gún abẹ́rẹ́, mo sì wà níbí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a sọ fún àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ pé abúlé mẹ́fà la máa dé. Ẹran tó wà nílẹ̀ kò ká abúlé mẹ́fà. Fọ́tò lásán ni. Tá a bá ti snap ní abúlé kẹfà tán, everybody máa gba tiẹ̀. No wahala."

"Pupa yẹn lóyún o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́."

Ọmọ mi méjì wà ní yunifásítì nígbà náà. Mo lọ bá opó náà, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó wò mí, ó wo ewúrẹ́, ó ní, "Líkítà, ẹ̀yin lẹ gé etí wọn. Tí ẹ bá ní abẹ́rẹ́ ni, abẹ́rẹ́ ni." Ó tú okùn lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kó wọn kiri. Ní abúlé kejì, obìnrin mìíràn mú okùn pupa dání, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, lẹ́yìn náà ni mo tún sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ní abúlé kẹta bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ṣọ́ra púpọ̀. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n tú nọ́ńbà ọrùn wọn, kí n so òmíràn. Ó rí i pé aṣọ àwọn obìnrin yàtọ̀ síra, pé ògiri ẹ̀yìn wọn yàtọ̀ síra, pé kò sí obìnrin kan tó wọ inú fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì. Òun tó dàgbà sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó jẹ́ pé lórí ìrẹsì nìkan ló ti ń pàdé ewúrẹ́, kò wo etí ewúrẹ́ kankan rí. Lójú tirẹ̀, nọ́ńbà ni ewúrẹ́.

Láàrin abúlé kẹta sí ìkẹrin, oòrùn mú, mọ́tò ń bọ́ sí kòtò dé kòtò. Àwọn ẹran kò tíì mu omi láti àárọ̀. Mo gbọ́ igbe pupa náà, mo ní kí awakọ̀ dúró. Kí n tó gun ẹ̀yìn mọ́tò, oyún ti wálẹ̀. Ìbejì ni, abo ni àwọn méjèèjì, irun kò tíì hù lára wọn tán. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi wé wọn, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ilẹ̀ náà le bí òkúta. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ọ̀gá mi yọ orí láti iwájú mọ́tò, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa ká tó dé ọ̀hún o. Ẹ̀jẹ̀ máa hàn nínú fọ́tò."

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu. N kò bá a jà, n kò bú u. Mo fọ ọwọ́ mi bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n mo sọ nínú ọkàn mi pé ọkùnrin yìí, fọ́tò yìí náà ló máa pa á.

Ìrẹ̀lẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti abúlé kẹrin dé ìkẹfà, èmi fúnra mi ni mo ń di orí pupa àti dúdú mú títí ẹni tó ń ya fọ́tò yóò fi tún ojú ṣe. Mo ń yí wọn síhìn-ín, mo ń yí wọn sọ́hùn-ún. Mo ń rí i dájú pé etí òsì ló kọjú sí kámẹ́rà, pé oòrùn wà lára rẹ̀, pé ojú gígé méjèèjì hàn. Ọ̀gá mi rí bí mo ṣe ń ṣakitiyan, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti wá mọ iṣẹ́ yìí. Ìgbà tí a dé Àbújá tó ń sọ pé òun fẹ́ fi àwọn fọ́tò náà hàn àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́, èmi ni mo sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ wọ́n tóbi bí ilẹ̀kùn. Kí ojú ewúrẹ́ hàn dáadáa." Ó gbá mi léjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gbọ́n." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Àwọn ewúrẹ́ ńkọ́? Bí a ti ya fọ́tò abúlé kẹfà tán, alápatà kan ló kó gbogbo wọn. Wọ́n sọ fún mi pé owó wọn ti wọ ètò mìíràn.

Ìyàwó mi rí i lójú mi pé nǹkan ń jó mi nínú. Ó ní, "Àgbà tí kò bá bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀." Mo ní mo ti bí ọmọ tó tó mi. Ó ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí n bá a ṣe èyí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń lọ sí ìpàdé. Alága yóò dọ̀bálẹ̀ kí mi, èmi yóò ní kí Ọlọ́run gbé e ga. Òótọ́ ni mo ń gbàdúrà. Ibi gíga ni mo fẹ́ kí ó ti ṣubú, kí ó lè dùn ún dáadáa.

Ọjọ́ àfihàn pé. Gbọ̀ngàn kan láàrin ìlú ni wọ́n gbà. Wọ́n gbé fọ́tò abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́ sára ògiri ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, obìnrin pẹ̀lú ewúrẹ́, obìnrin pẹ̀lú ewúrẹ́, wọ́n tóbi bí ilẹ̀kùn bí mo ṣe dábàá. Ọ̀gá mi ra ẹ̀wù funfun àwọn dókítà fún mi, ó ní kí n máa ṣàlàyé fún àwọn àlejò. Inú mi tutù. Mo fọ ẹ̀wù náà, mo sì lọ̀ ọ́ kí n tó wọ̀ ọ́.

Bàbá àgbà kan wà nínú àwọn àlejò, ọmọ Òkè Ọya, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n láàrin àwọn tó ń ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Mo ti wádìí rẹ̀. Ìdí ẹran ló dàgbà sí. Mo kí i ní Haúsá, mo mú un dé iwájú fọ́tò àkọ́kọ́, mo sọ ìtàn opó àti okùn kànga fún un. Lẹ́yìn náà mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo etí òsì pupa yìí. Àmì ìyá mi nìyẹn. Èmi ni mo gé e." Ó wò ó, ó ní ọwọ́ mi dára. Mo mú un dé iwájú fọ́tò kejì. Mo kàn fi ìka mi sí abẹ́ etí náà. Mo mú un dé ìkẹta, mo fi ìka síbẹ̀. Ní ìkẹrin, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, ó padà sí ti àkọ́kọ́, ó sì tún ògiri náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fara mọ́ àwòrán bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Ó dé òpin, ó ní, "Kai." Kò pariwo. Ó yíjú sí mi. "Ewúrẹ́ méjì péré?"

Mo ní, "Méjì tí ẹ lè fi ojú rí ni mo fi hàn yín, Bàbá. Àwọn tó kù kò ní àmì létí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ kò tiẹ̀ tó ọdún kan. Mo rí i nígbà tí bàbá náà pe àwọn mìíràn wá wo ògiri. Mo rí ọ̀gá mi ní òdìkejì gbọ̀ngàn, ó di ife omi ọsàn mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa, kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Mo rí i nígbà tí ẹ̀rín náà ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn nínú ẹ̀wù funfun mi, mo sì ń wò ó.

Wọ́n dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró, wọ́n ti ọ́fíìsì pa, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ èmi náà. N kò bìkítà. Ní ìpàdé, wọ́n ní kí alága yẹ̀bá títí wọn yóò fi gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n ní kí n gba àdúrà ìparí, mo sì gbà á gùn. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ń kó kúrò ní Lokogoma, mo wọ mọ́tò láti Lugbe, mo lọ wò ó. Kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀ ju kí n wò. Ẹrù ti wà níta. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó ń fi okùn di ìwé pọ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ọ̀gá."

Kò dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe é. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ṣé mo gbọ́ Haúsá ni?"

Ó fa okùn ìwé náà le.

"Mi ò gbọ́ ọ. Gbogbo abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mi ò bá obìnrin kankan sọ ọ̀rọ̀ kan. Ta ló sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ ni? Ọwọ́ ta ni wọ́n fa okùn lé? Àwọn obìnrin yẹn ò mọ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀."

Mo bú u. Mo pè é ní olè, mo pè é ní ọmọkọ́mọ, mo sì yíjú padà. Inú mọ́tò tó ń gbé mi padà sí Lugbe ni mo ti wá mọ̀ pé n kò rí èsì kan fọ̀ nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Ó ń bí mi nínú títí di òní pé ẹnu olè ni òótọ́ yẹn ti jáde. Mo bínú sí i fún un ju bí mo ṣe bínú sí i fún ewúrẹ́ lọ.

Mo ra ewúrẹ́ méjì. Mo wá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ti Òkè Ọya tó lè fara da ọ̀dá, mo kó wọn sẹ́yìn mọ́tò ayálò, mo gba ọ̀nà abúlé àkọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀kùn opó náà ni mo kàn, kò sí ẹni tó dáhùn. Aládùúgbò rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣèlérí ọmọ pupa fún, ló jáde. Ó mọ̀ mí, kò kí mi. Ó ní oṣù mẹ́ta ìyàn ti dé, ó ti kọjá. Obìnrin náà dúró de ewúrẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dúró ní èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé wọ́n ti jí wọn, òun á bá a jà, á ní Líkítà gé etí wọn lójú òun. Ìgbà tí ọkà tán nínú àká, ó kó ọmọ márààrún, ó lọ sí Àbújá. Wọ́n ní Mpape ló wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta.

Mo gbé ewúrẹ́ padà sí Àbújá. Gbogbo àsìkò tí mo fi ń gbádùn ìṣubú ọ̀gá mi ní Lokogoma, lórí òkè tó wà lẹ́yìn àwọn ilé ńlá Maitama ni obìnrin náà wà, tó ń fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé.

Mo bá a lábẹ́ àpò bọ́rà tó fi igi mẹ́ta gbé dúró fún ibòji. Òkìtì òkúta wà níwájú rẹ̀, èérún funfun bo apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi aṣọ wé ìka méjì. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin jókòó tì í, òun náà ń fọ́. Mo fa ewúrẹ́ méjì dúró níwájú rẹ̀.

Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Líkítà," ó wí, "ṣé abẹ́rẹ́ náà ti tán?"

Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ń béèrè ni. Ó dìde, ó gbá etí òsì àkọ́kọ́ mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbá ti èkejì mú. Ó ní, "Àwọn tèmi kọ́ nìyí."

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo sọ nípa abúlé mẹ́fà, nípa ìbejì tí mo sin lẹ́bàá ọ̀nà, nípa alápatà, nípa ọ̀gá mi tó ti ṣubú. Mo ro pé ìṣubú yẹn yóò dùn mọ́ ọn nínú. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé, "Ọ̀gá wo?" Mo ní ọkùnrin onífìlà tó dúró láàrin wọn. Ó ronú títí, ó ní òun kò rántí rẹ̀.

Mo mú abẹ jáde, mo ní kí n gé àmì sí etí wọn fún un bí ti ìjọsí. Ó gba abẹ náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú." Mo kúnlẹ̀ sórí èérún òkúta, mo di orí ewúrẹ́ mú bí mo ṣe máa ń ṣe fún ìyá mi. Kò gé etí òsì. Etí ọ̀tún ló mú, ó là á tààrà láti ṣóńṣó dé àárín, ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sí mi lórí bàtà. Kò sí eérú níbẹ̀, ìyẹ̀fun òkúta ló bù sí i. Ó ní bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, òun yóò kó wọn lọ sílé, abo tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ bí, ẹni tó ni ín ti wà níbẹ̀ tó ń dúró.

Mo rò pé ó ti parí. Mo nu abẹ, mo fẹ́ máa lọ.

Ó ní, "Líkítà, abẹ́rẹ́ wọn dà?"

Àpò abẹ́rẹ́ mi wà nílé ní Lugbe. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo ní lọ́la n ó mú un wá. Ó mú okùn ewúrẹ́ méjèèjì dání, ó kàn ń wò mí. Mo sọ̀kalẹ̀ láti Mpape, mo wọ mọ́tò, mo dé Lugbe, mo wá yìnyín tí mo fi bo oògùn kó má bàjẹ́, mo tún wọ mọ́tò padà. Ìyàwó mi ń bi mí pé níbo ni mò ń sáré lọ nínú oòrùn yẹn. Ìgbà tí mo fi gun òkè náà padà, oòrùn ti ń fà sẹ́yìn. Ó ṣì wà lórí ìdúró níbi tí mo fi í sí, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fọ́ òkúta kan láti ìgbà tí mo ti lọ.

Mo gún èkíní. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé, ó wò ó bó ṣe ń jáde. Mo gún èkejì, ó wo ìyẹn náà.

"Yauwa, ó dára," ó wí. Ó so wọ́n mọ́ igi bọ́rà, ó jókòó, ó sì gbé òòlù rẹ̀.